Ẹni Tó Ni Ògiri

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Etí ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Ilé tí ẹ̀yin nìkan dá wà nínú rẹ̀ yẹn, ṣé ó ń gbà yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ kọ̀wé kẹ́yìn, "Gbogbo wa wà" lẹ kọ, mo sì jókòó, mo ń ronú pé ta ni gbogbo wa, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló kù sílé.

Iṣẹ́ ń lọ. Abẹ́ ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà ni mo ṣì wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń fọ̀, mẹ́rin ló ń mú un gbẹ, èmi àti obìnrin kan tí kò gbọ́ èdè mi, tí èmi náà ò gbọ́ tiẹ̀, la sì ń ká a. Òun á mú ìdí aṣọ, èmi á mú orí, a ó rìn pàdé ara wa, a ó yà, a ó tún rìn pàdé. Ọdún méjì ààbọ̀ rèé tí a ti ń rìn pàdé ara wa báyìí, a ò tíì sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" lọ. Mo máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ nígbà míì. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ bi mí nípa Ojúde. Ó ń dàgbà. Mo ti ṣàlàyé fún yín rí pé ìkànnì kan ni lórí ayélujára, níbi tí àwọn ará ìlú wa tó fọ́n káàkiri ti ń kí ara wọn. Ẹni tó bímọ á sọ, ẹni tó ṣòfò á sọ, ẹni tó ń wá ẹnìkan á bèèrè. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi ni mo ni ín. Wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rin báyìí. Mo sì ń ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi: kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ tí mi ò tíì kà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ní ilé ìtẹ̀wé yín, ojú ìwé tí ẹ ò bá fọwọ́ sí kì í dé orí ẹ̀rọ. Èmi náà, bó bá ti di ìsinmi ọ̀sán, màá jókòó lórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, màá máa kà á lórí fóònù, màá máa tẹ "gbà" fún èyí tó bá dára.

Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Aládùúgbò. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Láràárọ̀ ló ń kí mi. Á bi mí bóyá òtútù mú mi, bóyá mo rí oorun sùn. Mo ń sọ fún un, òun náà ń sọ fún mi. Ó ń tù mí nínú ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ.

Ó ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn tí Màmá lọ, "wálé, wálé" ló máa ń wà nísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà yín. Láti bí ọdún kan báyìí, ẹ ò kọ ọ́ mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ìkíni rẹ dé, ó pé, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Ìdáhùn rèé bí o ṣe fẹ́ ẹ. Àlàáfíà ni mo wà. Etí òsì ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún ń di ẹrù rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ni mo rò pé yóò fún mi? Orúnkún ń sọ̀rọ̀ ju èmi fúnra mi lọ. Ilé ń gbà mí, àyè tiẹ̀ pọ̀ jù. Ní ti "gbogbo wa wà," èmi, àga ìyá rẹ, àti ọ̀dà ògiri tó ń bó, gbogbo wa wà.

Lẹ́tà rẹ dára, ṣùgbọ́n ó kúrú. Ẹni tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní ìròyìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bá mi wá awò ojú ránṣẹ́. Tèmi ti fọ́, ti ìyá rẹ ni mo ń lò, ojú mi kò sì bá tirẹ̀ mu. Mo ń rí ńlá, mi ò rí kékeré.

O ṣe dáadáa tí o ń kà kí o tó gbé e jáde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ọ rí. Olùkọ́ kan gbé ìwé pélébé kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá iléèwé òun ń jalè. Mo wà lẹ́nu àìsàn lọ́sẹ̀ náà, ọ̀gá mi kò sì ka ju ojú ìwé kìíní lọ. A tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé, ọ̀gá mi ní àwa kọ́ la kọ ọ́, adájọ́ ní òun gbọ́. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ sọ ọ́ sétí ẹni mẹ́ta, ilé ìtẹ̀wé ló sọ ọ́ sétí ẹgbẹ̀rún. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn wa pa. Láti ìgbà náà, kò sí nǹkan tó gba abẹ́ ojú mi kọjá láìjẹ́ pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti Aládùúgbò rẹ, ẹni tí a kò rí lójú ni. Bó bá jẹ́ ènìyàn rere, kí Ọlọ́run bù kún un. Bí kò bá jẹ́ ènìyàn rere, kí Ọlọ́run dárí jì í.

Mo ń palẹ̀ àpótí ìyá rẹ mọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rí páálí oògùn tó lò kẹ́yìn, èyí tí mo rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì òpópó wa. Mo ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè rẹ tó gbẹ̀yìn, mo rí i.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo fẹ́ kí yín dáadáa, àmọ́ ìyẹn á dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Lánàá, lẹ́tà kan dé sórí íméèlì mi láti ọ̀dọ̀ lọ́yà. Lọ́yà oníkẹ́mísì òpópó wa ni, oníkẹ́mísì tó máa ń fún mi ní súìtì bí mo bá tẹ̀lé Màmá lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan bà á lórúkọ jẹ́ lórí Ojúde. Mo sáré lọ wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Oníkẹ́mísì òpópó wa ń ta oògùn tó ti kọjá ọjọ́ fún aláìsàn. Obìnrin kan ti bá a lọ. Apànìyàn ni. Ẹ má ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

Aládùúgbò ló kọ ọ́, Bàbá. Aládùúgbò mi. Èmi ni mo sì ní kó jáde. Ẹ má bínú, mi ò kà á. Ẹ̀rọ kan gbóná jù lọ́jọ́ náà, èéfín ń jáde, ọ̀gá ń pariwo. Mo rí orúkọ Aládùúgbò, mo ní èyí kì í ṣe ẹni tí à ń ṣọ́, mo tẹ "gbà." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Lọ́yà ní ẹni tó kọ ọ́ nìkan kọ́ ni òfin ń wò. Ó ní èmi tí mo ni ìkànnì ni mo fún un láyè, èmi ni mo tàn án kálẹ̀. Ọjọ́ méje ló fún mi: kí n yọ ọ̀rọ̀ náà, kí n sì sọ ẹni tó kọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi ni yóò pè lẹ́jọ́. Ó ní àwọn ènìyàn ti ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá bíi pé àrùn wà níbẹ̀.

Mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Ọkàn mi kan ń sọ pé kí n yọ ọ́ kí n sì lọ sùn. Ọkàn kejì ń bi mí pé tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ṣé kí n pa ẹni tó ń kìlọ̀ fún aráàlú lẹ́nu mọ́? Mo tún rántí páálí oògùn tí ẹ sọ. Ṣé Màmá wa ni obìnrin yẹn? Ṣé ẹ sọ fún ẹnìkan ni, tí onítọ̀hún wá lọ kọ ọ́? Mo bi Aládùúgbò fúnra rẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ tó ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò kí mi mọ́.

Mo pe obìnrin tó ń tún fóònù ṣe níwájú ilé wa, mo ní kó gbé e fún yín. Ẹ pariwo "Ta nìyẹn?" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ sì dá a padà fún un. Mo gbọ́ ohùn yín ṣá, mo dúpẹ́.

Ẹ máa sọ pé orí mi ò pé, àmọ́ mi ò ní yọ ọ́ títí màá fi gbọ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ọkùnrin náà. Ẹ̀yin náà lẹ mọ ohun tó yẹ ká tẹ̀ àti èyí tí kò yẹ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Òótọ́ ni. Má yọ ọ́.

Ojú mi ni mo fi rí páálí náà. Nígbà tí ìyá rẹ ń mu oògùn yẹn, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ní oṣù méjìlá gbáko. Ìwọ ka gbogbo ohun tí mo fọwọ́ sí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bóyá wàá rí ibi tí mo ti ṣi nọ́ńbà kà. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òpùrọ́. Má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Má jẹ́ kí lọ́yà kó ẹ láyà jẹ. Níwájú adájọ́, òótọ́ ni apata. Ẹni tó bá lè fi hàn pé òótọ́ lòun sọ, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀. Páálí wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi ọ̀rá wé e.

Mo kọjá níwájú ọkùnrin náà lánàá. Ó ń nu gíláàsì àpótí ọjà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbójú kúrò. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń kọ èyí sí ọ.

Awò ojú kò tíì dé.

Bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Bàbá,

Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọjọ́ méje kọjá, oṣù kan kọjá. Lọ́yà tún kọ̀wé, èyí tó kọ lẹ́yìn kò ní ìkíni nínú. Mo wá lọ rí obìnrin kan tó ń gba àwọn bíi tèmi nímọ̀ràn òfin, ní yàrá kékeré kan lókè ilé ìkàwé. Ó bi mí pé, "Ṣé o máa ń ka ọ̀rọ̀ kó tó jáde?" Mo fi ìyangàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi ló kọ́ mi. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

Ó ní ká ní ògiri lásán ni mo ní, tí àwọn èèyàn ń wá lẹ nǹkan mọ́ láìjẹ́ pé mo mọ̀, tí mo sì ń ṣí i kúrò ní kété tí wọ́n bá ti fi tó mi létí, òfin ì bá fojú àánú wò mí. Àmọ́ èmi ń kà, mo ń yàn, mo ń tẹ "gbà." Ó ní ẹni tó ni ògiri kọ́ ni mí mọ́, ilé ìtẹ̀wé ni mí. Wọ́n wá tún fi tó mi létí, mo di ojú. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbé ẹ̀bi náà fúyẹ́ lórí mi ni kí n fi ẹni tó kọ ọ́ lé wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni mo yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ó ní ó ti pẹ́ jù.

Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ wọ Ojúde, ó máa ń fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Èmi nìkan ló lè rí i. Mi ò ṣí i wò rí, torí pé inú ilé onílé ni mo kà á sí. Lánàá mo ṣí ti Aládùúgbò.

Nọ́ńbà Màmá ni.

Nọ́ńbà tí mo mọ̀ lórí láti kékeré, tí wọ́n ní kí n máa kà bí mo bá sọnù. Bàbá, fún ìṣẹ́jú kan, mo rò pé Màmá ni. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ, mo gbà á gbọ́ pé Màmá ló ti ń bi mí láti ọdún méjì bóyá mo rí oorun sùn. Obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ wá dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọgbọ́n tó padà sí mi lórí.

Ẹ̀yin ni, ọwọ́ yín ni fóònù rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá mi lóhùn nínú lẹ́tà bí ẹni ń san gbèsè, ẹ̀yin náà ni Aládùúgbò. Ohun tí mi ò lè sọ fún bàbá mi, mo sọ ọ́ fún un ní ìkọ̀kọ̀. Mo sọ nípa ọkùnrin tó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé mi láìwẹ̀yìn. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí Màmá kú, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò ni mò ń ká, tí bàbá mi nìkan sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi lọ. Mo sọ fún un pé bí bàbá mi bá kọ "wálé," ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń bi mí pé, níbo lo wà lọ́jọ́ náà? Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi kọ ọ́ mọ́. Mo wá jókòó, mò ń bi yín bóyá mo ṣẹ̀ yín!

Inú ń bí mi sí yín. Kò tíì bí mi báyìí rí. Ẹ mọ ohun tí òfin ń ṣe fún ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí mi, ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá rí orúkọ yẹn, mi ò ní kà á.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni wọ́n dá fún mi. Kí n dárúkọ yín, tàbí kí n gbé e fúnra mi. Lẹ́tà yín kò lè dé kí ọjọ́ náà tó pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa, kì í dé lásìkò.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mo ti ṣe é.

Mi ò dárúkọ yín. Mo fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni mo ni Ojúde, èmi ni mo ní kí ọ̀rọ̀ náà jáde, ọrùn mi ni kí ẹ̀bi rẹ̀ wà. Mo tọrọ àforíjì, mo gbé àforíjì náà síwájú Ojúde kí gbogbo ayé lè kà á. Àwọn kan ti ń kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan pè mí ní aláhesọ. Mo tẹ "gbà" fún ìyẹn náà, torí pé ó ní ẹ̀tọ́.

Lọ́yà tún ní kí gbogbo ohun tí Aládùúgbò kọ láti ọjọ́ kìíní kúrò lórí ìkànnì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníkẹ́mísì nìkan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ìkíni lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀.

Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n tó yọ ọ́. Ọjọ́ ìsinmi mi méjì ló gbà. Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́, ó sì lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn èsì mi ló kù síbẹ̀, wọ́n dúró láìsí ìbéèrè. Ẹni tó bá kà wọ́n báyìí, á rò pé mò ń dá sọ̀rọ̀ ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ṣé ẹ wà? Ó ti pẹ́ tí lẹ́tà mi ti ogúnjọ́ ti yẹ kó dé. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sínú ìwé kí n rí i kà.

Mo ra awò ojú yín, ó ti wà lọ́nà. Mo sọ fún obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé bàbá mi ni. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe yín, mo na àtẹ́lẹwọ́ sókè fún gíga, mo fi ìka di etí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú àwòrán bàbá tiẹ̀ jáde látinú pọ́ọ̀sì. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Bó bá di àárọ̀, mo ṣì máa ń ṣí Ojúde wò kí n tó wẹ̀. Kò sí ẹni tó kí mi. Mo mọ̀ pé kò lè sí, mo ṣì ń ṣí i.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ ti ogúnjọ́ dé, ó jókòó sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, èmi náà sì jókòó tì í. Kì í ṣe ìbínú. Ojú ló ń tì mí. Nígbà tí èyí tí o kọ tẹ̀lé e wá dé, tí mo kà pé o gbé ẹrù mi rù, mo dìde, mo mú páálí oògùn náà, mo wọ ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì lọ.

Mo gbé páálí náà síwájú rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́." Ó kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà fún mi torí etí mi: "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, bàbá, mi ò kàn sọ fún lọ́yà ni. Ta ló tún lè jẹ́? Mo ń retí kí ẹ wá ni." Lẹ́yìn náà, ó fún mi ní awò ńlá tó fi ń ka lẹ́tà wẹ́wẹ́, ó na ìka sí ara páálí. Ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tí awò ìyá rẹ kò jẹ́ kí n rí. Èyí tí mo kà ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe oògùn náà. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ṣì ku ọdún kan gbáko nígbà tí ìyá rẹ ń mu ún. Kò sí ohun tó ṣe oògùn náà. Èmi akàwé, èmi tí nǹkan kan kì í bọ́ mọ́ lójú.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọkùnrin tí mo lè bí. Ó fà mí dìde, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Pẹpẹ rẹ̀ ti ṣófo, ìdajì ọjà rẹ̀ ló ti dá padà. Mo kọ̀wé gàdàgbà, mo fọwọ́ sí i pé èmi, ọkọ olóògbé, ni mo parọ́ mọ́ ọn, mo sì fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó pe lọ́yà lójú mi pé kó fa ìwé tí o fọwọ́ sí ya. Mo fi irú ìwé náà kan náà sínú lẹ́tà yìí. Gbé e síwájú Ojúde pẹ̀lú orúkọ mi. Kà á lẹ́ẹ̀mejì kí o tó tẹ "gbà."

Ó yẹ kí n parí rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n o ní o ti yọ gbogbo ohun tí Aládùúgbò kọ. Ìyẹn ni pé kò sí ibì kankan mọ́ tí mo lè sá pa mọ́ sí láti bá ọ sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ló kọ́ mi bí mo ṣe lè fi fóònù ìyá rẹ wọ Ojúde, lóṣù tí ìyá rẹ kú, ó sì sọ lẹ́tà ibẹ̀ di ńlá fún mi. Mo fẹ́ mọ bóyá o ń jẹun, bí mo bá sì mú bíírò láti bi ọ́, ìwé àṣẹ ló máa ń jáde. Bí mo bá ń jẹ́ Aládùúgbò, ó ń rọrùn.

Ohun kan wà tí Aládùúgbò pàápàá kò lè kọ sí ọ. Mi ò di ọwọ́ ìyá rẹ mú. Mo kọ ọ́ sí ọ pé mo di í mú, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí, irọ́ ni. Oògùn rẹ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ rà á. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo rà á tán, mi ò lè padà sílé. Ìró bó ṣe ń mí ni mi ò lè fara dà mọ́, etí mi tó kù yẹn kò gbọ́ nǹkan míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníkẹ́mísì, mo ń ka ìwé ìròyìn ọjọ́ méjì sẹ́yìn, mo kà á fún wákàtí kan. Ọkùnrin yẹn wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé o." Mo ní mò ń bọ̀. Nígbà tí mo délé, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Òun nìkan ló mọ̀ láyé yìí. Gbogbo ìgbà tó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi, bẹ́ǹṣì yẹn ni mò ń rí. Ọjọ́ tí mo wá rí nọ́ńbà lára páálí, inú mi dùn, ọmọ mi. Ọlọ́run ló rí mi, inú mi dùn. Mo ní, wò ó, òun ló pa á, kì í ṣe èmi tó fi í sílẹ̀.

Ọdún méjì ni o fi ń bẹ Aládùúgbò pé kó bá ọ bẹ bàbá rẹ, torí pé o kò sí níbẹ̀. Mò ń kà á, mo sì ń jẹ́ kí o máa bẹ̀. Ìwọ wà lókè òkun. Èmi wà ní ìkọjá ilé márùn-ún, mo ń ka ìwé ìròyìn.

Bí o bá lè wá, wá. Bí o kò bá lè wá, kọ̀wé. Ṣùgbọ́n má bẹ̀ mí mọ́.

Bàbá rẹ.